Pápá Ìṣeré Liberty, Ìbàdàn, àti ohun tí ìgbàlejò àgbáyé ń fi sílẹ̀

Pápá Ìṣeré Liberty, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ́dún 2010, wà ní Òkè-Àdó nílùú Ìbàdàn. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló kọ́ ọ, nígbà tí owó kòkó ṣì ń gbé iṣẹ́ ńláńlá ró. Ọdún 1960 tí Nàìjíríà gba òmìnira ni wọ́n ṣí i, èrò bí 35,000 ló sì gbà.

Ìjà ẹ̀ṣẹ́ kan ló gbé orúkọ Ìbàdàn dé etí gbogbo ayé. Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ọmọ Ìgbò, ti gba ipò akọni àgbáyé lọ́wọ́ Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní San Francisco lọ́dún 1962, wọ́n sì ti jà sí ọ̀mì ní Las Vegas kí wọ́n tó tún kojú ara wọn ní Liberty ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963. Lẹ́yìn abala keje, Fullmer kò jáde fún ìkẹjọ mọ́. Kò sí orílẹ̀-èdè aláwọ̀ dúdú kankan ní Áfíríkà tó ti gbàlejò ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún ipò akọni àgbáyé rí, Ìbàdàn ló sì ṣẹlẹ̀ sí, kì í ṣe Èkó tó jẹ́ olú-ìlú nígbà náà.

Lọ́dún 1980, Àlgéríà, Gánà, Gínì àti Mòrókò gbá ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní pápá yìí, ṣùgbọ́n Èkó ni Green Eagles, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ti gbá gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tiwọn, títí kan àṣekágbá tí wọ́n ti gba ife.

Ohun tó ń bá àwọn ìlú tó gbàlejò ìpàtẹ àgbáyé (World's Fair) ló bá Ìbàdàn pẹ̀lú: kí ni ilé ńlá yóò máa ṣe lẹ́yìn ayẹyẹ? Ilé gogoro Eiffel tí wọ́n kọ́ sí Paris fún ìpàtẹ ọdún 1889 kò ní ju ogún ọdún lọ lórí ìdúró, àfi bí ó ṣe wúlò fún rédíò tí wọn kò fi wó o. Ìpàtẹ New Orleans ti ọdún 1984 sì wọko gbèsè kí ó tó parí. Iṣẹ́ tí ilé ń ṣe lẹ́yìn tí àlejò bá ti lọ ló ń pinnu bóyá yóò pẹ́. Liberty kò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó: ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí ìtọ́jú rẹ̀ sì ń falẹ̀. Shooting Stars ti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, lọ́dún 1976, ti sọ Pápá Ìṣeré Lékan Sàlámì ní Adámásingbà di ilé.