Òfin ló ń fi dáódù joyè, ìwé ló ń pín ilẹ̀

Nígbà tí Gerald Grosvenor, Díúkù kẹfà ti Westminster, kú lóṣù kẹjọ ọdún 2016, Hugh, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, ló jẹ oyè. Ẹni ọdún 25 ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin méjì àti àbúrò obìnrin kan. Ohun ìní ìdílé náà, bíi bílíọ̀nù 9 pọ́n-ùn ni wọ́n fojú bù ú sí.

Láti ìgbà náà, àwọn tó ń wá ṣe ìwé ìhágún lọ́dọ̀ mi máa ń sọ pé òfin Gẹ̀ẹ́sì ló ní kí dáódù kó gbogbo ogún. Irọ́ ni o, ó sì máa ń dùn mí tí bàbá ọlọ́mọbìnrin bá gbà á gbọ́.

Oyè nìkan ni òfin fi sílẹ̀ fún ọkùnrin. Ní ti ilé, ilẹ̀ àti owó, láti ọdún 1926 ni òfin England àti Wales ti mú ẹ̀tọ́ dáódù kúrò. Ẹni tó bá kú láìṣe ìwé ìhágún, tí wọ́n bá ti yọ ìpín ọkọ tàbí ìyàwó, ọgbọọgba ni àwọn ọmọ ń pín ìyókù, ọkùnrin ìbáà ṣe obìnrin.

Kí ló wá dé tí ilẹ̀ Grosvenor ní Mayfair àti Belgravia, àwọn àdúgbò olówó ní London, kò fọ́ sí wẹ́wẹ́? Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sí lórúkọ bàbá. Àwọn alámòójútó ló ni ín lójú òfin, ìdílé ló ń jẹ èrè rẹ̀. Òun ni àwa lọ́yà ń pè ní trust. Díúkù lè kú, àwọn alámòójútó ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, dípò owó orí ogún, tó jẹ́ ìdá 40 nínú 100 lórí ohun tó bá ju 325,000 pọ́n-ùn lọ, trust bẹ́ẹ̀ ń san owó tí kì í ju ìdá 6 lọ ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Bàbá kan yọ ìwé ilé rẹ̀ nínú ọ̀rá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, ó ní kí n ṣe tòun bíi ti Díúkù. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró.” Láti ọdún 2006, ẹni tó bá fi ohun tó ju 325,000 pọ́n-ùn sínú irú trust tó wọ́pọ̀ jù yóò san ìdá 20 nínú 100 lórí èyí tó lé, lójú ẹsẹ̀. Bó bá sì ṣì ń gbé inú ilé náà láìsan owó ilé, tó bá kú, àwọn agbowó orí á ṣì kà á mọ́ tirẹ̀. Ìwé ìhágún lásán la ṣe níjọ́ náà, orúkọ ọmọ mẹ́ta, obìnrin méjì níbẹ̀, ìpín kan náà.

Kó tó lọ, mo sọ ibi tí ilẹ̀ Grosvenor ti ṣẹ̀ fún un. Lọ́dún 1677, Thomas Grosvenor fẹ́ Mary Davies, ọmọ ọdún 12. Àjàkálẹ̀ àrùn ti pa bàbá Mary lọ́dún 1665, nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Àbàtà àti pápá ìjẹko ni ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Ogún ọmọbìnrin ni.