“i7 ni mo rà o!”: bí orúkọ prósẹ́sọ̀ ṣe ń tan èèyàn jẹ

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti rà á o! i7 ni!”

Àbúrò mi kò tilẹ̀ kí mi kó tó figbe ta lórí fóònù. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti ń kó owó jọ díẹ̀díẹ̀ nítorí desktop tí yóò máa fi gbá géèmù. Mo ní, “O kú oríire. i7 wo ni?” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, i7 náà ni. Ṣé i7 tún pín sí ọ̀nà méjì ni?” Mo ní kó ka gbogbo nọ́ńbà tó bá rí fún mi. Ó kà á: Core i7-2600.

Mo dákẹ́. Oṣù kìíní ọdún 2011 ni Intel, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, gbé prósẹ́sọ̀ yẹn, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, jáde. Ọmọ tí wọ́n bí lóṣù yẹn ti wà ní SS báyìí.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé aládùúgbò wọn kan tó ń múra àtijápa ti kọ́kọ́ fi desktop tirẹ̀ lọ̀ ọ́, owó rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti èyí lọ. Core i3-12100 ló wà nínú ìyẹn. Àbúrò mi kọ̀ ọ́. Ó ní, “Èmi, i3? Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.”

Kì í ṣe òun nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ dé Computer Village n'Íkẹjà, tàbí ibikíbi tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, bí orin lẹ ó ṣe máa gbọ́ ọ: i3 fún mẹ̀kúnnù, i5 fún òṣìṣẹ́ ìjọba, i7 fún ọ̀gá. Ẹni tó ń tà á ń sọ ọ́, ẹni tó ń rà á ń sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é.

Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé lẹ́tà i yẹn, ipò prósẹ́sọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sọ. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni Core i7 àkọ́kọ́ jáde; i5 tẹ̀ lé e lọ́dún 2009, i3 sì dé níbẹ̀rẹ̀ 2010. Látìgbà náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí Intel bá ti gbé ìran tuntun jáde, wọ́n á tún un pín sí i3, i5 àti i7 lákọ̀tun. Bí i7 àti i3 bá jọ jẹ́ ìran kan náà, lóòótọ́ ni i7 jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹni tó gba ipò kìíní ní Primary Three àti ẹni tó gbẹ́yìn ní SS Three. Ẹ gbé algebra síwájú àwọn méjèèjì, kí ẹ wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ dìde.

Ìran yìí kò sì pamọ́. Ara orúkọ náà ló wà, àwọn èèyàn kì í kàn kà á débẹ̀ ni. Nínú i7-2600, 2 tó ṣíwájú ló ń sọ pé ìran kejì ni. Nínú i3-12100, 12 ni. Ìran mẹ́wàá ló ya wọ́n.

Àwọn onímọ́tò ti mọ irú èyí tipẹ́. Camry ọdún 2003, oní-V6, lítà 3.0, agbára ẹṣin 192 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní. Camry 2018 tó jẹ́ plọ́ọ̀gì mẹ́rin péré, lítà 2.5, ní 203, epo tó ń mu sì kéré sí ti àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó ń bá mẹkáníìkì jà lórí ìyẹn. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ojú á fọ́, etí á di.

Ẹ jẹ́ ká gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní ti òǹkà, bí ìbejì ni wọ́n: core (òṣìṣẹ́ inú prósẹ́sọ̀) mẹ́rin, thread (iṣẹ́ tí wọ́n lè jọ dì mú lẹ́ẹ̀kan) mẹ́jọ, lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. i7-2600 ń bẹ̀rẹ̀ láti 3.4 GHz, ó lè gun 3.8. i3-12100 ń bẹ̀rẹ̀ láti 3.3, ó lè gun 4.3. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, èyí àtijọ́ ni yóò mú. Síbẹ̀, ẹ fún core kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní iṣẹ́ kan náà: kí ti i7 yẹn tó parí ẹyọ kan, ti i3 á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí méjì.

Ìdí ni pé iye ìṣísẹ̀ tí prósẹ́sọ̀ ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni GHz ń kà, kì í wọn bí ìṣísẹ̀ ṣe gùn tó. Ẹ wo bàbá kan tó di ọmọ ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mú lọ sọ́jà. Ẹsẹ̀ ọmọ ń lù kìtìkìtì, bàbá kàn ń gbẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́ ni, wọ́n sì jọ ń débẹ̀ nígbà kan náà. Bí ẹ bá ń ka ẹsẹ̀, ẹ ó ní ọmọ ló yára jù. Prósẹ́sọ̀ ọdún 2011 yẹn lè tú àṣẹ mẹ́rin nínú ìṣísẹ̀ kan; èyí tó jáde lọ́dún 2022 ń tú mẹ́fà. Èyí tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni ti ibi ìdúró. Bí àṣẹ kan bá ń dúró de dátà, prósẹ́sọ̀ lè wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá òmíràn wà tí kò nílò láti dúró, kó ṣe ìyẹn ná. Àṣẹ 168 ni i7-2600 lè kó sójú báyìí lẹ́ẹ̀kan. i3-12100 ń kó 512. Ẹ ronú ìyá olóúnjẹ tó ń wo ìlà gígùn látòkè délẹ̀, tó mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ ẹ̀bà àti ewédú lásán kò gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹni tí ẹran rẹ̀ kò tíì jinná.

Ẹ tún wo cache, ibi ìpamọ́ dátà kékeré inú prósẹ́sọ̀: abọ́ èròjà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ni, nígbà tí RAM jẹ́ ọjà tí a ó rán ọmọ lọ. Core kọ̀ọ̀kan nínú i7-2600 ní abọ́ tirẹ̀ tó gba 256 KB, wọ́n sì jọ ń pín agbada ńlá oní 8 MB. Nínú i3-12100, abọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.25 MB, agbada wọn sì jẹ́ 12 MB. Ọjà gan-an tún ti súnmọ́ ilé: RAM DDR3 oní-1333 (nọ́ńbà yìí ń sọ bó ṣe yára tó) ni ti àkọ́kọ́, ti èkejì ń lo DDR4 oní-3200, ó sì lè lo DDR5 bí bọ́ọ̀dù rẹ̀ (motherboard) bá gbà á.

Intel fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa láti máa bọ GHz. Oṣù kọkànlá ọdún 2000 ni Pentium 4 jáde pẹ̀lú 1.4 àti 1.5 GHz, wọ́n sì ń tì í sókè títí tó fi dé 3.8 lọ́dún 2004. Wọ́n fẹ́ gbé e dé 4 GHz; ooru kò jẹ́. Lọ́dún kan náà ni wọ́n pa ètò yẹn tì. AMD tó ń bá wọn du ọjà rí i pé àwọn oníbàárà kò ní gbọ́ àlàyé ìṣísẹ̀ gígùn, wọ́n bá sọ prósẹ́sọ̀ Athlon XP wọn ní 1800+, bí ẹni pé 1.8 GHz ni, lọ́dún 2001, nígbà tó jẹ́ pé 1.53 GHz ló ń sá. (Nígbà náà, mo bínú sí wọn pé wọ́n ń purọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé oníbàárà bíi tèmi ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀.) Nígbà tó di 2006, Core 2 Duo ti Intel dé, 2.4 GHz péré, ó sì na gbogbo Pentium 4 bí ọmọ ilé-ìwé.

AMD náà tún wá ṣubú sínú kòtò kan náà. Lọ́dún 2013, wọ́n gbé FX-9590 jáde: core mẹ́jọ, ó lè gun 5 GHz, 220 wáàtì. Lórí páálí, kò sí alátakò. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, i7-4770K oní-core mẹ́rin, 3.5 GHz, fi í sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ core yẹn náà nílò àlàyé, nítorí ẹni tó bá já lọ́wọ́ GHz, ọwọ́ “core mélòó?” ló máa ń bọ́ sí. Kí géèmù tó lè fi àwòrán 60 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ìdá 17 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Láàárín àkókò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, prósẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ibi tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan fẹ́ sá sí, kó tó pàṣẹ fún graphics card pé kó yà á. Apá kan nínú iṣẹ́ yìí ṣeé pín. Apá tó le jù máa ń wà lọ́rùn core kan. Ìkòkò àmàlà kan, omorogùn kan: ẹ pe èèyàn mẹ́jọ wá sí ìdí ààrò, ẹnì kan ṣoṣo náà ni yóò rò ó, àwọn yòókù á máa gé ẹran. Ìdí nìyí tí agbára core kan fi ń sọ̀rọ̀ nínú géèmù ju iye wọn lọ, tí wọ́n bá ti tó mẹ́rin sí mẹ́fà tó múná.

Abọ́ èròjà náà sì lè borí ìṣísẹ̀ pátápátá. Ryzen 7 5800X ti AMD ń gun 4.7 GHz. Oṣù kẹrin ọdún 2022, AMD gbé 5800X3D jáde, ó ń gun 4.5 péré, core mẹ́jọ kan náà, àmọ́ wọ́n to cache lé orí ara wọn láti 32 MB dé 96 MB. Nínú géèmù, èyí tó lọ́ra yẹn ló ń ṣáájú.

Kí n padà sọ́dọ̀ àbúrò mi. Mo bi í pé graphics card wo ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí i7 ni?” Ó rò pé i7 ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. HD Graphics 2000 tó wà nínú prósẹ́sọ̀ yẹn lè fi fíìmù hàn. Géèmù òde òní kọjá agbára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbá géèmù, orí graphics card ló yẹ kí owó rẹ̀ tó pọ̀ jù lọ. Kódà i3-12100 yẹn kò ní ṣe púpọ̀ láìsí i. Tó bá sì ní F lẹ́yìn, 12100F, ojú monitor kò ní tàn rárá láìsí graphics card. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ dá ẹ̀rọ tuntun padà nítorí lẹ́tà kan yẹn.

Géèmù tí àbúrò mi tìtorí ẹ̀ rà á ni EA Sports FC 24, géèmù bọ́ọ̀lù. Prósẹ́sọ̀ tó kéré jù tí àwọn tó ṣe é ní kí èèyàn ní ni Core i5-6600K. i5! Àmọ́ ìran kẹfà ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn àṣẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní AVX2, tó jẹ́ pé ọdún 2013 ni Intel tó fi í sínú prósẹ́sọ̀. Àwọn ètò tuntun kan kì í ṣí níbi tí kò bá sí. Windows 11 náà kò gba èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ohun tó bá ti ṣáájú ìran kẹjọ ti Intel, àyàfi ká dọ́gbọ́n sí i, Microsoft sì ti dáwọ́ àtìlẹyìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025.

Ní ti iná, 95 wáàtì ni wọ́n kọ sára i7-2600, 60 sára i3-12100, tó lè gun 89 bí iṣẹ́ bá kan án lára. Lójoojúmọ́ tí NEPA bá wà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Bó bá di orí inverter, tí ẹ ń wo bí bátìrì ṣe ń lọ sílẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n.

Mi ò sọ pé ìdọ̀tí ni i7-2600 o. Fún Word, Excel, YouTube, àti ọmọ tó ń fi ìbéèrè JAMB dánra wò, ó ṣì ń rìn. Ohun tó máa ń mú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ falẹ̀ jù ni hard disk àtijọ́ tó ṣì ń yí nínú rẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi SSD, ibi ìpamọ́ fáìlì tí kì í yí, sí i, ẹ sọ RAM di 8 GB. Ẹni tó lò ó lánàá kò ní gbà pé òun náà ni. Nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́, SSD yẹn á hàn sí ojú yín ju kí ẹ pààrọ̀ prósẹ́sọ̀ lọ. Ó sì yẹ kí n sọ ọ́ pé ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ to i3-12100 yóò ra bọ́ọ̀dù tuntun àti RAM tuntun mọ́ ọn, nígbà tí tòkunbọ̀ máa ń wá lódindi. Bí owó bá kéré, tí kò sì sí géèmù nínú ọ̀rọ̀ náà, tòkunbọ̀ lè jẹ́ èrè.

Ohun tí a ṣe nìyẹn. A fi SSD sí i, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá wa báyìí, wọ́n ń fi í kọ ìwé gbèsè àwọn oníbàárà. Kí àbúrò mi tó padà sọ́dọ̀ aládùúgbò yẹn, ẹlòmíràn ti ra i3 náà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún pè mí. “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fi Ryzen 7 kan lọ̀ mí.”

Mo ní, “Ryzen 7 wo?”

“1700. Ọdún 2017 ni. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa gbé e lọ.”