Ẹ Yé Po Iyẹ̀ Pákó Mọ́ Ilẹ̀ Ọ̀gbìn

Ewé ìsàlẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n, tòkè á tẹ̀ lé e, olóko á ní àrùn ni. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ayé ti fi nǹkan sí ilẹ̀ àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹni tó fi nǹkan kan sí i. Ẹ̀yin lẹ po iyẹ̀ pákó mọ́ ọn, ebi náítírójìn, oúnjẹ inú ilẹ̀ tó ń mú ewé tutù, ló ń pa ọ̀gbìn yín.

Kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń mú iyẹ̀ pákó jẹrà, wọn kò sì lẹ́nu. Wọ́n ń tu omi ara wọn sórí ohun tó kú, á yọ́, wọ́n á fà á mu. Kábọ́ọ̀nù, èròjà tó pọ̀ nínú igi àti ewé gbígbẹ, ló ń fún wọn lágbára, náítírójìn ni wọ́n fi ń kọ́ ara. Bí kábọ́ọ̀nù inú oúnjẹ wọn bá jẹ́ ìwọ̀n 25 títí dé 30 sí náítírójìn 1, iṣẹ́ á yá. Ti iyẹ̀ pákó lè tó 400 sí 1! Nígbà tí wọn kò rí náítírójìn tó nínú rẹ̀, wọ́n á fa ti inú ilẹ̀, wọ́n sì yára ju gbòǹgbò lọ. Ó di ìgbà tí wọ́n bá ń kú kí wọ́n tó dá a padà. Èyí tí ẹ bá kàn tẹ́ sórí ilẹ̀ kò léwu tó bẹ́ẹ̀, torí ibi tó ti kan ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́.

Ẹ kó pàǹtí jọ kó jẹrà ná kó tó wọ ilẹ̀: ewé gbígbẹ garawa 3, koríko tútù garawa 1, kí òkìtì náà ga tó mítà 1, kó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ooru má baà sá. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀, ẹ fún un: ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ló yẹ kó jáde. Inú rẹ̀ á gbóná tó 55 sí 65°C. Bó bá ń tutù, ẹ yí i padà. Bó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, afẹ́fẹ́ ni kò rí; bó bá ń ta yín nímú, ewé gbígbẹ ni kò tó.

Ẹ má sì ra kòkòrò àìfojúrí inú ìgò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Erùpẹ̀ ilẹ̀ tó dára tó kún ṣíbí tíì kan lè ní bakitéríà, ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí yìí, tó tó bílíọ̀nù 1. Oúnjẹ, omi àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fẹ́, wọn kò nílò èrò sí i.

Ẹni tó bá ti pò ó mọ́ ilẹ̀, kó fi ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa yí ìdí ọ̀gbìn ká, kó má kan igi rẹ̀, kó sì bomi rin ín. Ìgbẹ́ adìẹ tútù kọ́ o: amóníà inú rẹ̀, èyí tó máa ń ta ni nímú, á jó gbòǹgbò, èyí tí ebi ìbá pa lásán á wá kú pátápátá.