Mímú òfin pínpín ilẹ̀ ìlú bá ti ìpínlẹ̀ mu: bó ṣe rí ní Texas

Ẹni tó bá ní ilẹ̀ ńlá ní ìlú kan ní Texas, tó fẹ́ gé e sí pulọ́ọ̀tì, sọ́fíyọ̀ ló máa kọ́kọ́ bá a ya plat. Plat ni àwòrán tó ń fi ààlà pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan hàn, ibi tí títì máa gbà àti ibi tí omi òjò máa ṣàn sí. Ìlú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó lè wọ inú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ káúńtì, ìyẹn ẹkùn ìṣàkóso tí ìlú wà nínú rẹ̀.

Ìlú ló ń ṣe òfin tí wọ́n fi ń yẹ plat wò, ṣùgbọ́n Orí 212 nínú òfin ìpínlẹ̀ lórí ìjọba ìbílẹ̀ ló fún un láṣẹ. Òfin ìlú kò sì gbọdọ̀ tako ti ìpínlẹ̀. Tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Austin, olú-ìlú Texas, bá yí Orí 212 padà, ti ìlú ti di àlòkù nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni ò bá tiẹ̀ tíì fọwọ́ kan ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ìwé ìlú nìkan ni yóò ṣìnà: onílẹ̀ á máa dúró de ohun tí kò yẹ kó dúró dè, òṣìṣẹ́ ìlú á máa ka ọjọ́ tí òfin ò mọ̀.

Ibi ọjọ́ kíkà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ jù. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2019 tí òfin HB 3167 (HB ni àbá òfin tó ti ilé aṣojú wá, SB ni ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà) ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, 30 ọjọ́ ni ìlú ní: kó fọwọ́ sí plat, kó fọwọ́ sí i pẹ̀lú ohun tí onílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe, tàbí kó kọ̀ ọ́. Tí 30 ọjọ́ bá kọjá láìsí èsì, òfin kà á sí pé ìlú ti gbà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì lóṣooṣù ni ìgbìmọ̀ ètò ìlú ń jókòó. Ní 2026, ìjókòó oṣù Kẹsàn-án bọ́ sí ọjọ́ 8, ti oṣù Kẹwàá sì bọ́ sí ọjọ́ 13. Plat tó bá wọlé ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, gbèdéke rẹ̀ pé ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìgbìmọ̀ jókòó. Kódà kí títì inú rẹ̀ tóóró débi pé ọkọ̀ panápaná ò lè yí padà níbẹ̀, ó ti gba àṣẹ. Bẹ́ẹ̀, ìlú ò gbọdọ̀ ní kí onílẹ̀ yááfì gbèdéke náà; onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló lè kọ̀wé béèrè àfikún ọjọ́.

Tí ìlú bá kọ plat, ó gbọ́dọ̀ kọ ìdí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kó sì tọ́ka sí òfin tí ìdí náà dúró lé. Onílẹ̀ á tún un ṣe, á dá a padà, ìlú á sì ní 15 ọjọ́ láti fèsì. Kò tún lè mú ẹ̀sùn tuntun jáde níbẹ̀. Gbólóhùn kan wà tó yẹ kí ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlú wá kiri nínú ìwé òfin ìlú àtijọ́ kí ẹ sì pa á rẹ́: “bí onílẹ̀ ò bá fèsì láàárín 90 ọjọ́, ìwé rẹ̀ ti kú.” Òfin ìpínlẹ̀ ò gbà kí ìlú fi gbèdéke sí ìdáhùn onílẹ̀.

Ní 2023, HB 3699 tún wá mú ìtura díẹ̀ dé. Ó gba ìgbìmọ̀ láyè láti fa àṣẹ ìfọwọ́sí plat lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, kí gbèdéke má baà máa bá ọjọ́ ìjókòó jà. Ṣùgbọ́n ìtura yìí kì í dé fúnra rẹ̀. Àfi kí ìgbìmọ̀ dìbò fún un, kí wọ́n sì kọ ipò ẹni tó gba àṣẹ náà sílẹ̀ kedere. Òfin kan náà ní kí ìlú to gbogbo ìwé tí onílẹ̀ gbọ́dọ̀ mú wá, kó sì gbé e sórí wẹ́ẹ̀bù rẹ̀.

SB 15 ti 2025 kan ìwọ̀n ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú ìlú tí èrò ibẹ̀ ju 150,000 lọ, nínú káúńtì tí èrò ibẹ̀ ju 300,000 lọ, tí ilẹ̀ tí wọn ò tíì pín bá tó éékà márùn-ún, ìlú ò lè fi dandan lé e pé kí pulọ́ọ̀tì ilé gbígbé tóbi ju 3,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó lọ. Pulọ́ọ̀tì 60 sí 120 tí a mọ̀ nílé jẹ́ 7,200. 3,000 yẹn kò tó ìdajì rẹ̀.

Fún àtúnṣe òfin ìlú, ẹ gbé òfin ìlú àti ti ìpínlẹ̀ síwájú, ẹ kà wọ́n ní ìpín-ìpín, kí ẹ fa ilà sídìí gbogbo iye ọjọ́ àti gbogbo “gbọ́dọ̀.” Ní tèmi, kò dára kí ẹ da iye ọjọ́ kọ láti inú òfin ìpínlẹ̀. Ẹ tọ́ka sí ìpín rẹ̀ nínú òfin ìlú, kí ẹ wá kọ iye náà sínú fọ́ọ̀mù tí onílẹ̀ ń gbà lórí káńtà, torí fọ́ọ̀mù rọrùn láti tún tẹ̀. Ìlú tó da òfin 2019 kọ ní láti padà sídìí iṣẹ́ ní 2023. Lẹ́yìn náà, ẹ kéde, ẹ ṣe ìpàdé ìtagbangba tí Orí 212 béèrè, kí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú tó dìbò. Lọ́jọ́ tí òfin tuntun bá wọlé, kí fọ́ọ̀mù, lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ àti kàlẹ́ńdà ìgbàwọlé yí padà lọ́jọ́ náà.

Plat tó ti wọlé kí òfin tó yí, Orí 245 ní òfin tó wà lọ́jọ́ tó wọlé ni kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Torí náà, ẹ tọ́jú ẹ̀dà òfin àtijọ́, kí ẹ sì lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sórí gbogbo ìwé tó bá kan káńtà.