Ìdí-igi ni òfin fi pín owó ìlera

Bí ọ̀rọ̀ owó ìlera bá ti délẹ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé mínísítà ni ó ń jókòó tì í, tí ó ń bu ti ibà sọ́tọ̀, tí ó ń bu ti jẹjẹrẹ sọ́tọ̀ bí ó bá ṣe wù ú. Owó ìlera alábọ́ọ́dé tí òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 dá sílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Abala kọkànlá òfin náà ní kí a yọ ó kéré tán ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún láti inú àpò gbogbogbòò ìjọba àpapọ̀ (kì í ṣe láti inú ìṣúná ìlera, bí àwọn kan ṣe ń sọ), kò sì dárúkọ àìsàn kankan nígbà tí ó ń pín in: nínú ọgọ́rùn-ún owó náà, 50 fún ìtọ́jú kòṣeémánìí lábẹ́ adójútòfò, 20 fún oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, 15 fún ilé, irinṣẹ́ àti ọkọ̀, 10 fún òṣìṣẹ́, 5 fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Owó náà kò wọ ìṣúná títí di ọdún 2018.

Ẹni tí ó bá ti wà níbi tí a ti pín ogún olóògbé aláya márùn-ún yóò dá ètò yìí mọ̀. Ìdí-igi ni. Ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni ó ń gba ìpín, ìbáà jẹ́ ọmọ kan ni ó bí tàbí mẹ́fà, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ìyá yóò wọ yàrá lọ pín tiwọn. Lóòótọ́, ọgbọọgba ni ti ogún, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ìjà ń gbà: kò tán, yàrá ni ó wọ̀. Oògùn ibà àti abẹ́rẹ́ àjẹsára yóò máa du 20 láàárín ara wọn, kò sì sí èyí tí yóò na ọwọ́ sí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí. Ọgbọ́n ibẹ̀ nìyẹn, nítorí bí gbogbo wọn bá jọ du àpò kan, ilé tuntun ni yóò máa borí; kò sí olóṣèlú tí ń gé ríbọ́ọ̀nù sára agbẹ̀bí.

Ṣùgbọ́n bí ìjà ogún bá le, olórí ẹbí lè ní kí a pín in ní orí-ò-jorí, ìyẹn ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀. Abala kọkànlá kò sọ pé kí 5 ti pàjáwìrì di 10 bí ìjàm̀bá ọkọ̀ bá ń pọ̀ sí i. Ti ẹnu ọ̀nà ni ó tilẹ̀ burú jù: ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ gba owó náà gbọ́dọ̀ dá ó kéré tán ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí iṣẹ́ náà yóò ná, ìjọba ìbílẹ̀ náà yóò sì dá 25 tirẹ̀. A kì í ní kí ọmọ kọ́kọ́ mówó wá kí ó tó jogún bàbá rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí àpò rẹ̀ gbẹ jù, tí àwọn aláìsàn rẹ̀ sì nílò owó náà jù, ni ìlànà yìí lè tì síta.