Sàréè Ọba Humayun ní Delhi: òkú kan, ibojì méjì

Ìbéèrè: Ibojì mábù funfun kan ló dá wà láàárín gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n wọ́n ní òkú kò sí nínú rẹ̀. Ṣé wọ́n ti hú ọba náà lọ ni?

Ìdáhùn: Ẹnikẹ́ni kò hú u. Àmì lásán ni èyí tí ẹ rí lókè. Humayun fúnra rẹ̀ wà nísàlẹ̀, nínú yàrá tó wà lábẹ́ gbọ̀ngàn yẹn gan-an. Bí àwọn ọba Mughal, ìdílé ọba Mùsùlùmí tó jọba ní Íńdíà nígbà náà, ṣe máa ń ṣe é nìyẹn: òkú á wà nínú erùpẹ̀, àmì á wà lókè fún ẹni tó bá wá ṣe àdúà. Orí àtẹ̀gùn ilé ìkàwé rẹ̀ ni ọba yìí ti ṣubú tó fi kú ní 1556. Opó rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Haji Begum ló ní kí wọ́n kọ́ ilé yìí, Mirak Mirza Ghiyas ló yàwòrán rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní nǹkan bí 1572. Humayun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ o. Bí ẹ bá yí pèpéle gíga tí ilé dúró lé lórí ká, ẹ óò ka yàrá 56 nísàlẹ̀ rẹ̀, ibojì àwọn ẹbí sì pọ̀ nínú wọn.

Ìbéèrè: Ìwọ̀-oòrùn ni mihrábù inú gbọ̀ngàn náà, àmì tó ń fi ibi tí wọ́n ń kọjú sí kírun hàn, kọjú sí. Ṣé gábàsì kọ́ ni Kíbílà ni?

Ìdáhùn: Nílẹ̀ Yorùbá ni. Mẹ́kà wà ní ìlà-oòrùn wa, àmọ́ ẹni tó bá wà ní Delhi ti kọjá Mẹ́kà lọ jìnnà sí ìlà-oòrùn, ẹ̀yìn ló máa bojú wò kó tó rí Káábà. Ìdí nìyí tí orí òkú fi wà ní àríwá níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ wà ní gúúsù: bí wọ́n bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tẹ́ ẹ, ojú rẹ̀ á kọ sí ìwọ̀-oòrùn. Gúúsù sì ni ẹnu ọ̀nà àtilẹ̀wá, kí ẹni tó bá ń wọlé lè gba ibi ẹsẹ̀ ọba wá. Ẹ tún wo mihrábù yẹn dáadáa. Kì í ṣe ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú ògiri bíi ti mọ́sáláṣí. Mábù tí wọ́n lu bí asẹ́ ni, wọ́n kàn fa ìlà mihrábù sí i lójú, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú ihò rẹ̀ wọlé.

Ìbéèrè: Láti òde, òrùlé rìbìtì yẹn ga fíofío. Nígbà tí a dé inú, àjà kò ga tó bẹ́ẹ̀. Níbo ni ìyókù wà?

Ìdáhùn: Méjì ni òrùlé náà. Ẹ fojú inú wo igbá ńlá tí wọ́n dé lé igbá kékeré lórí, tí àyè ṣófo wà láàárín wọn. Ká ní ẹyọ kan ni wọ́n ṣe, tí wọ́n sì gbé e ga kí ará ọ̀nà lè rí i, inú gbọ̀ngàn á dà bí inú kànga. Bí wọ́n bá sì ṣe é níwọ̀n tó bá gbọ̀ngàn mu, àwọn ẹnu ọ̀nà gàgàrà iwájú ilé á bò ó mọ́lẹ̀. Èyí òde, tí wọ́n fi mábù funfun bò, wà fún ojú ọ̀nà. Èyí inú wà fún ẹni tó dúró ti ibojì. Ilé náà lápapọ̀ ga tó nǹkan bí mítà 47, ọ̀pá tí wọ́n fi wúrà bò sì wà lórí òrùlé rẹ̀. Ọ̀pá yẹn kì í ṣe ti àtijọ́: ìjì wó ti àtijọ́ lulẹ̀ ní 2014.

Ẹ má ṣe sáré lọ sídìí pèpéle kí ẹ tó wo òrùlé yìí. Téèyàn bá ti sún mọ́ ọn jù, etí pèpéle á gé ilé sí méjì lójú rẹ̀. Ibi ojú ọ̀nà omi tó wà láàárín ọgbà ló dáa jù.

Ìbéèrè: Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Ṣé Júù ló kọ́ ọ ni?

Ìdáhùn: Rárá. Ọ̀ṣọ́ tí àwọn Mughal fẹ́ràn ni.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí àwọn tó tún ilé yìí ṣe fi hú sìmẹ́ǹtì kúrò lórí òrùlé? Ṣé sìmẹ́ǹtì kò lágbára ju ẹfun lọ ni?

Ìdáhùn: Agbára rẹ̀ gan-an ni wàhálà. Ẹfun tí wọ́n fi òkúta sísun ṣe ni àwọn bíríkìlà ìgbà náà fi mọ ilé yìí. Omi tó bá wọ inú ẹfun máa ń rí ọ̀nà jáde nígbà tí oòrùn bá ràn, bí ilé bá sì mì díẹ̀, ẹfun á bá a mì. Sìmẹ́ǹtì kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sán, omi á gba ojú sísán náà wọlé, kò sì ní rí ibi jáde mọ́, ògiri ni yóò máa fà á mu. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, bí òrùlé bá ti jò, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń dà sí i. Bó bá tún jò, wọ́n á tún da òmíràn lé e. Nígbà tí àjọ Aga Khan Trust for Culture àti ilé iṣẹ́ ìjọba Íńdíà tó ń bójú tó ohun àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, ohun tí wọ́n kó kúrò lórí òrùlé tó mílíọ̀nù kan kílò. Ẹrù tí Mirak kò mọ̀ rí ni ògiri rẹ̀ ń rù.

Ìbéèrè: Báwo ni ká ṣe tò ó rìn?

Ìdáhùn: Ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń gbà wọlé báyìí, nítorí náà ọ̀sán tó ń rọ̀ ni oòrùn máa ń tàn sí ojú tí ẹ óò kọ́kọ́ rí. Ẹ kọ́kọ́ yà sí ọ̀tún, síbi sàréè Isa Khan, ìjòyè kan, tí wọ́n kọ́ ní 1547. Onígun mẹ́jọ ni, ó balẹ̀ bẹẹrẹ, kò sì ní pèpéle gàgàrà. Ẹni tó bá ti rí i yóò mọ ohun tó yí padà láàárín ọdún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré. Lẹ́yìn náà, ẹ gba inú ọgbà tí wọ́n pín sí mẹ́rin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ojú ibi tí omi ń gbà: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú pẹrẹsẹ, nítorí sẹ̀ǹtímítà kan péré ló fi ń rẹlẹ̀ ní mítà 40. Àtẹ̀gùn pèpéle lẹ máa gùn kẹ́yìn. Ó ga, ó sì dúró ṣánṣán, ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà fara balẹ̀, pàápàá nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀.