Ìnira àyíká àti onírúurú ẹ̀dá inú odò

Ìnira àyíká ni ohunkóhun tó bá ń dí ẹ̀dá inú odò lọ́wọ́ láti mí, láti jẹun tàbí láti bímọ: omi tó fà, ooru, iyọ̀, ẹrẹ̀, ajílẹ̀, oògùn apakòkòrò oko òwú. Kì í ran gbogbo ẹ̀dá bákan náà. Bí asẹ́ ló ṣe ń yọ àwọn kan kúrò, tó ń fi àwọn mìíràn sílẹ̀, ìdí nìyí tí àwọ̀n fi lè kún síbẹ̀ kó jẹ́ irú ẹja méjì péré ló wà nínú rẹ̀.

Odò Ouémé ní orílẹ̀-èdè Benin, tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 510, ń gba ìwọ̀-oòrùn ìlú Ṣábẹ kọjá. Odò Ọ̀pàrá sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, apá òkè àwọn odò yìí a máa fà di adágún kéékèèké. Omi tó gbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀: ní 25°C, lítà kan lè gba nǹkan bí míligíráàmù 8.3, ní 35°C, nǹkan bí 6.9. Ewé inú omi náà ń lo ọ́síjìn lóru, nítorí náà kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó máa ń kéré jù. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án nìkan yóò rò pé kò sí wàhálà. Bó bá wálẹ̀ ju míligíráàmù 2 lọ, ọ̀pọ̀ ẹja kò ní yè é. Àrọ̀ ní tirẹ̀ a máa yọjú sókè gba afẹ́fẹ́.

Ìkún omi ọdọọdún, tó máa ń ga jù ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, kì í ṣe ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ ẹja ń dúró dè é kí wọ́n tó yé ẹyin sí àbàtà. Èyí tó ń ba odò jẹ́ ni ìnira tí kò dáwọ́ dúró, tàbí oríṣi méjì tó dé pọ̀, bí ooru àti oògùn oko.

Ní ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), iyọ̀ ni olórí ọ̀ràn. Ọ̀nà omi Kùtọnu, tí wọ́n gbẹ́ ní 1885, ló ń jẹ́ kí omi òkun wọ adágún Nokoué dé ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iyọ̀ yìí a pa òjúoró àtàwọn èpò omi yòókù. Wọ́n á rì, wọ́n á jẹrà, ìjẹrà náà á sì gba ọ́síjìn. Epìyà tí ń jẹ́ Sarotherodon melanotheron ń fara da omi adùn àti omi iyọ̀, akọ rẹ̀ sì ń fi ẹnu pa ẹyin mọ́.

Láti yẹ odò wò, ẹ lo àwọ̀n tí ihò rẹ̀ jẹ́ ìdajì mílímítà. Ẹ dúró sí òkè àwọ̀n, ẹ fi ẹsẹ̀ rú ìsàlẹ̀ odò, kí omi gbé kòkòrò wọ inú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìṣàn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹrẹ̀ tí ẹ rú má ba ibi tó kàn jẹ́. Ọmọ kòkòrò onírù méjì tàbí mẹ́ta, tó ń fi awẹ́ tín-ín-rín ẹ̀gbẹ́ ikùn mí, ni ó kọ́kọ́ ń sá lọ. Ìdin pupa ló ń kù, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ ọ́síjìn díẹ̀ í dì mú. Irú ni kí ẹ kà, kì í ṣe iye nìkan, kí ẹ sì fi òkè oko òwú wé ìsàlẹ̀ rẹ̀ láàárín oṣù kan náà, nítorí ìkún omi àti ẹ̀ẹ̀rùn kò ṣeé fi wé ara wọn.